Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Ní Plọ́ọ̀gì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo rí ẹ́ńjìnnì bàlúù ìṣeré kan nínú ẹrù tí bàbá mi fi sílẹ̀. Kò tó ìkúùkù ọmọdé. Kò ní plọ́ọ̀gì, kò sì síbi tí wáyà bátìrì lè wọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣeé yí ló dábùú orí rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ le gbagidi. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má wulẹ̀ wá bátìrì. Irin tó dábùú yẹn ti tú àṣírí rẹ̀: dísẹ́ẹ̀lì ni. Ká ní irú ẹ́ńjìnnì bàlúù ìṣeré tí wọ́n ń pè ní Brown Junior ti 1934 ni, plọ́ọ̀gì máa wà lórí rẹ̀, wáyà á sì wà lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀. Èyí tó ń lo plọ́ọ̀gì apọ́nbíiná (tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná), tí Ray Arden, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1947, bátìrì fólítì (volt) 1.5 péré ló ń fi tan. Tìrẹ kò nílò iná rárá. Písítìnì á tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ á gbóná, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Irin orí yẹn lo máa fi ṣe àyè tí afẹ́fẹ́ náà há sí, kó há tàbí kó dẹ̀.

Kò bàjẹ́. Òróró kásítọ̀ àtijọ́ ló gan mọ́ ọn nínú. Yojú wo ihò èéfín, wàá rí i tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára písítìnì. Kọ́kọ́ dẹ irin orí, kán kẹrosíìnì síbẹ̀, fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ títí á fi gbóná, kí o wá máa mi abẹ̀bẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Má fi pínsà kàn án o! Àwọn kan á ní kí o tú u palẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́.

Ní ti orúkọ rẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ .049, ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì ní íǹṣì kúbíkì (cubic inch) bíi ti Amẹ́ríkà ni, cc 0.8 sì ni. Cc gan-an ni wọ́n sábà ń kọ sára ti Yúróòpù.

Dísẹ́ẹ̀lì ilé epo kò ní tan án. Ether (kẹ́míkà olómi kan), kẹrosíìnì àti òróró kásítọ̀ la máa ń pò pọ̀ lọ́gbọọgba. Ìta gbangba ni kí o ti pò ó, jìnnà sí iná. Ether máa ń mú kí òòyì kọ́ èèyàn lójú, ó sì ń tètè gbiná. De ẹ́ńjìnnì náà mọ́ pákó tó wúwo, ṣí abẹ́rẹ́ epo (èyí tó ń díwọ̀n epo tó ń wọlé) tó yípo méjì sí mẹ́ta, dúró sẹ́yìn abẹ̀bẹ̀, fi igi ta á. Bó bá le lójijì bí o ṣe ń ta á, epo ti kún inú rẹ̀: dẹ irin orí. Bí o bá fi agídí yí i, apá tó gbé písítìnì á tẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì di ti wíwá ẹ̀yà tí wọn kò ṣe mọ́.

Tó bá ti dún, máa há irin orí díẹ̀díẹ̀ títí ohùn rẹ̀ á fi já geere. Bí òróró tó ń tú jáde níbi èéfín bá dúdú, o ti há a jù.