Ṣé ká wó ilé ọ́fíìsì àtijọ́ wa ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́ta tí bàbá wa fi sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) ti gbó, ooru ibẹ̀ ò ṣeé fara dà, owó iná kílímátísọ̀ (ẹ̀rọ amúlétutù) sì ń pa wá. Wọ́n ní ká wó o, ká kọ́ tuntun tí ò ní ba ojú ọjọ́ jẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wó nǹkan kan o. Tẹ́ ẹ bá wó o, sìmẹ́ńtì tuntun lẹ máa rà, bẹ́ẹ̀ iná tó gbóná tó 1,450°C ni wọ́n fi ń yan òkúta kí wọ́n tó rí sìmẹ́ńtì, òkúta yẹn fúnra ẹ̀ tún ń tú kábọ́n, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, jáde, ìdí nìyẹn tí sìmẹ́ńtì nìkan fi kó bí ìdá 8 nínú 100 kábọ́n táráyé ń tú sáfẹ́fẹ́.

Ẹ pe enjíníà kó yẹ òpó àti dẹ́kì wò. Tó bá ṣì le, ẹ kun òrùlé ní funfun, kẹ́ ẹ wá dí oòrùn láti ìta níbi fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kọ́tìnì inú ò tó rárá, torí tí oòrùn bá ti gba gíláàsì kọjá, ooru ti wọlé nìyẹn. Ẹ lọ wo fèrèsé onígi lára ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, l'Ájàṣẹ́ níbẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, oòrùn ò ráyè, ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá ń yọ wọ́n dànù. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa tó ra kílímátísọ̀ tuntun, kékeré á ti tó yín nígbà yẹn. Sólà lè dúró dìgbà tówó bá wà.