Iṣẹ́ ní Kútọnu: má tíì béèrè iye tí wọ́n máa san

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó ọjà wọlé láti èbúté Kútọnu fẹ́ gbà ọ́, kó o máa bá àwọn oníbàárà wọn tó wà ní Nàìjíríà dúnàádúrà, àti pé 90,000 sẹ́fà ni wọ́n máa san lóṣù. O ti ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó sì ju ohun tó ò ń gbà n'Íbàdàn lọ. O wá ń béèrè bóyá kó o di ẹrù.

Irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe, ní páàkì ọkọ̀ tòkunbọ̀, mo sì ṣì ń gbé Kútọnu dòní. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náírà kúrò nílẹ̀. Òótọ́ ni pé lẹ́yìn tí ìjọba Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ lọ́jà lóṣù kẹfà ọdún 2023, sẹ́fà kan wá ju náírà méjì lọ. Sẹ́fà kì í mì bẹ́ẹ̀, torí wọ́n so ó mọ́ owó yúrò: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kò sì yí padà láti ìgbà tí yúrò ti wà. Ṣùgbọ́n Kútọnu lo ti máa jẹun. Sẹ́fà ni onílé máa gbà, sẹ́fà ni zém, ìyẹn ọlọ́kadà ibí, máa gbà, sẹ́fà ni iná tó o máa rà sínú mítà. Èyí tó o bá rí fi ránṣẹ́ sílé nìkan ló máa di náírà. Ẹni tó bá ń gba 90,000, tó ń dá gbé, tó sì ń rí 20,000 fi ránṣẹ́ lóṣù, onítọ̀hún gbìyànjú gan-an. Ìyẹn ni kó o lọ ṣẹ́ sí náírà, má ṣẹ́ 90,000.

Ní ti pé ṣé owó náà kéré, kò kéré lójú àwọn ará ibí. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní SMIG, 52,000 sẹ́fà ni láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ọdún 2014 ni wọ́n ti gbé e dé 40,000, ibẹ̀ ló sì wà títí ìgbà yẹn. Ohun tó wà lórí ìwé nìyẹn o. Nínú òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó ju àádọ́rùn-ún lọ tí iṣẹ́ wọn ò sí nínú ìwé kankan: oní-zém, ẹni tó ń ta ọjà ní Dantokpa, ọmọ iṣẹ́ télọ̀, mẹkáníìkì. Ọmọbìnrin tó ń bá èèyàn ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù lè gba 30,000 kó sì dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó máa lọ fẹjọ́ sùn, torí ta ló mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní ibí, iye tí wọ́n ń san fún ọ kọ́ ló máa gbà ọ́ lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú. Ohun tó máa gbà ọ́ ni bóyá ìjọba mọ̀ pé o wà.

Orílẹ̀-èdè yìí kéré, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 14. Èbúté àti Nàìjíríà ló ń bọ́ apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ tó wà ní Kútọnu. Àbújá sín, Kútọnu gba òtútù. Oṣù kìíní ọdún 2017, Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkọ̀ gba bọ́dà orí ilẹ̀ wọlé. Àwọn páàkì tó máa ń kún dẹ́múdẹ́mú bẹ̀rẹ̀ sí í ní àyè. Oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti bọ́dà pátápátá, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí ti Sẹmẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún ọ yìí, orí okùn yẹn náà ló wà. Mi ò sọ pé má wá. Mo ń sọ pé kó o mọ̀ pé ọjọ́ kan lè dé tí ọ̀gá rẹ ò ní rí ọjà tà, láìjẹ́ pé ìwọ tàbí òun ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí wa, wọn ò lé mi. Èyí ni kó o fetí sí dáadáa. Àdéhùn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń fún wa, CDD ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àdéhùn tó ní ọjọ́ tó máa parí. Tó bá parí, wọ́n á tún òmíràn tẹ̀. Láti inú òfin tí wọ́n ṣe lóṣù kẹjọ ọdún 2017, agbanisíṣẹ́ lè máa tún CDD ṣe títí láé, kò sí iye ìgbà tó máa di dandan pé kó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Òfin yẹn kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá lé lọ́nà àìtọ́, owó gbà-má-bínú tí wọ́n máa san fún un ò gbọ́dọ̀ dín sí owó oṣù mẹ́ta, kò sì gbọ́dọ̀ ju ti oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n lé? Àdéhùn mi ló parí. Akọ̀wé wọn ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì kí mi pé ó dàbọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo wá mú àwọn ìwé owó oṣù mi lọ sí CNSS, àjọ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni, torí mo fẹ́ mọ ohun tó wà lórúkọ mi. Obìnrin tó wà ní fèrèsé wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún nọ́ńbà tẹ̀, ó ní orúkọ mi ò sí. Gbogbo oṣù tí mo fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń yọ owó CNSS lórí ìwé owó oṣù mi, wọn ò sì fi orúkọ mi sínú ìwé àjọ náà rárá.

Bí ìṣirò náà ṣe rí rèé, fi sórí 90,000 rẹ. Wọ́n á yọ ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún fún CNSS, ìyẹn 3,240. Owó orí, tí wọ́n ń pè ní ITS, kò kan 60,000 àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ dé 150,000, ìdá mẹ́wàá ni, nítorí náà ó máa jẹ́ 3,000. Ó kù bíi 83,700 tó máa wọ ọwọ́ rẹ. Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ san tiẹ̀ lórí rẹ: ìdá 6.4 fún ìfẹ̀yìntì, ìdá mẹ́sàn-án fún owó ọmọ, àti ìdá kan sí mẹ́rin fún ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ ju 14,000 lọ lóṣù, lórí ẹnì kan ṣoṣo. O ti rí ìdí tí wọ́n fi ń sá. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń yọ tìrẹ, wọn ò sì ní san tiwọn tàbí tìrẹ.

Bó o bá délé iṣẹ́, tí wọ́n fún ọ ní ìwé owó oṣù àkọ́kọ́ (àwọn ará ibí ń pè é ní bulletin), wo apá òkè, níbi tí orúkọ rẹ wà. Ó yẹ kí nọ́ńbà CNSS rẹ wà níbẹ̀. Bí àyè rẹ̀ bá ṣófo, tàbí tí wọ́n fi “ó ń lọ lọ́wọ́” síbẹ̀, béèrè. Bó o bá rí nọ́ńbà, gbé e lọ sí CNSS fúnra rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àlejò kì í ní in. Àlejò ń ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi parí sí ni Inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Kò sí owó tí wọ́n ń gbà. Ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá kó tó lè dé kóòtù, kí wọ́n lè wò ó bóyá àwọn méjèèjì á gbà. Wọ́n kọ ìwé pe ọ̀gá mi. Ó dé pẹ̀lú akáúńtáǹtì rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn síra rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò. Òṣìṣẹ́ Inspection tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa ò pariwo. Ó tẹ́ àwọn bulletin mi sórí tábìlì ní oṣù-oṣù, ó fi ìka sórí ìlà tí wọ́n ti yọ owó, ó wá ní kí akáúńtáǹtì fi rìsíìtì tí wọ́n fi san án ránṣẹ́ sórí tábìlì kan náà. Akáúńtáǹtì wo ọ̀gá. Bí wọ́n ṣe gbà láti san nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú owó ìsinmi tí wọ́n jẹ mí, torí òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ìsinmi tó ń gbowó fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe. Iṣẹ́ náà ò padà wá. Ká ní mi ò ní bulletin lọ́wọ́ ni, kí ni mo fẹ́ tẹ́ sórí tábìlì?

Nítorí náà, fi fóònù ya gbogbo bulletin lóṣooṣù, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé.

Faransé ńkọ́? Ní ọjà, wàá fi Yorùbá rìn ju bó o ṣe rò lọ, pàápàá ní Àjàṣẹ́, Sàkẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀. Ní Kútọnu, Fọ̀n ni kó o tètè kọ́. Ṣùgbọ́n Faransé ni àdéhùn iṣẹ́ máa wà, Faransé náà ni wọ́n ń sọ ní Inspection. Má tọwọ́ bọ ìwé tí ẹni tó gbọ́ èdè náà ò tíì kà fún ọ, kí onítọ̀hún má sì jẹ́ ẹni tí ọ̀gá rẹ yàn.

Ìwé ìrìnnà ò le. Ọmọ ECOWAS ni ọ́, o lè wọlé kó o lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Àmọ́ iṣẹ́ olóṣù kọjá ìyẹn: ó ń fẹ́ ìwé ìgbélùú, ó sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ iṣẹ́. Béèrè lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí ta ló máa ṣe é, ta ló máa sanwó rẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n bá fún ọ lórí èyí nìkan á ti jẹ́ kó o mọ irú iléeṣẹ́ tí wọ́n jẹ́.

Ẹnì kan sọ lábẹ́ ìbéèrè rẹ pé kó o fi àsìkò náà gba dìgírì kíákíá níbí. Jọ̀ọ́ àbúrò, má dán an wò. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Nàìjíríà dá ìdánimọ̀ ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gba dìgírì níbí láàárín oṣù tí kò pé méjì. Iléèwé gidi wà níbí o, ṣùgbọ́n wọn kì í parí ní oṣù méjì.

Ẹlòmíràn ní kó o kúkú lọ sí Glo-Djigbé, níbi tí wọ́n kọ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi òwú Bẹ̀nẹ̀ rán aṣọ, tí wọ́n sì ń ṣe kajú. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ bó ṣe yẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ṣe sọ. Ṣùgbọ́n owó ẹni tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ò jìnnà sí SMIG, ibẹ̀ sì tó kìlómítà 45 sí Kútọnu. Kò bá ohun tó o mọ̀ ọ́n ṣe mu.

Wákàtí 40 ni òfin fọwọ́ sí lọ́sẹ̀. Láti ìkọkànlélógójì dé ìkejìdínláàádọ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, ìdá 35. Àwọn oníbàárà láti Nàìjíríà kì í mọ ọjọ́ Sátidé yàtọ̀ sí Mọ́ńdè, nítorí náà jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn bí wọ́n ṣe máa san án.

Ní tèmi, 90,000 pẹ̀lú CNSS àti àdéhùn ọdún kan sàn ju 120,000 tí wọ́n ń kà sí ọ lọ́wọ́ nínú àpòòwé. Kọ lẹ́tà sí wọn lónìí, kí wọ́n fi àdéhùn ránṣẹ́ kó o tó kúrò n'Íbàdàn. Tó bá dé, bo orúkọ iléeṣẹ́ náà, kó o gbé e wá, màá bá ọ kà á. Bí wọ́n bá ní kó o kọ́kọ́ dé ná, àwọn á ṣe ìwé lẹ́yìn, dúró síbi tó o wà.