Mò ń ka ọmọ lóru bí ẹni ń ka ẹlẹ́wọ̀n

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́dà ni mí, ó ti di ọdún 11, Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Láti bí oṣù mẹ́ta, tí mo bá sùn díẹ̀ màá ta jí, màá lọ fa àgádágodo géètì wò, màá tún padà wá ka àwọn ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò ju mẹ́ta lọ o, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kà wọ́n. Ìyàwó mi ní ká lọ rí wòlíì. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi kan, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kóun ṣí sẹ́ẹ̀lì kan fún mi ni, àtìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Arò, ọsibítù ọpọlọ Abẹ́òkúta yẹn. Ṣé orí mi ti ń dàrú ni? Bàbá Ìbejì, Òkè-Fíà.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Orí yín ò dàrú jàre. Ẹni tó ń ka èèyàn wọlé tó ń kà wọ́n jáde fún ọdún 11, tó mọ̀ pé tí iye ò bá pé ọrùn òun ni wọ́n máa gbé e kọ́, ara ẹ̀ ò lè tètè mọ̀ pé díútì ti parí. Ọgbà kún àkúnya, ọ̀pọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn, ẹ̀yin wọ́dà ni wọ́n sì rí bínú sí. Lóòótọ́ òfin 2019 ti yí orúkọ prison padà sí correctional, àmọ́ orúkọ ò dín èrò kù.

Ọ̀gá yín yẹn bí mi nínú o, bóyá òun náà kì í sùn. Arò tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, láti 1954, láyé Dókítà Lambo, dókítà ọpọlọ tó darí ẹ̀ nígbà yẹn, ni àwọn aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé láàárín ará abúlé, tí wọ́n kàn ń lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ń de èèyàn mọ́lẹ̀.

Àdúrà dáa, ẹ máa gbà á, àmọ́ ẹ lọ rí dókítà ọpọlọ ní ọsibítù UNIOSUN, tójú bá ń tì yín kí ará iṣẹ́ má rí yín, ẹ wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá ti Ifẹ̀. Tó bá jẹ́ paraga lẹ fi ń wá oorun, ẹ má fi pamọ́ fún wọn. Iṣẹ́ yín ńkọ́? Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní January 2023 ò gbà kí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí Ìyá Ìbejì ti géètì, kó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ píló tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta jí, ẹ má dìde, ẹ jí i kó bá yín sọ̀rọ̀.