Alága NBA Kò Lè Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Lọ́yà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá lọ́yà. Mo fún lọ́yà kan lówó kó bá mi san án fún ẹbí tó ni ilẹ̀ tí mo fẹ́ rà n'Íbàdàn. Kò san án, kò sì dá a padà. Ẹnì kan ní òun mọ alága NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, tó lè gba líṣẹ́ńsì rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí n sáà mú ₦150,000 wá. Ṣé kí n fún un?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀, mà. Olè kejì nìyẹn.

Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́: kò sí alága NBA kankan tó lè yọ lọ́yà níṣẹ́. Ẹgbẹ́ ni NBA. Ó lè gba ìwé ẹ̀sùn yín, kó ní kí lọ́yà náà wá sọ tẹnu ẹ̀, kó sì gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Kò jùyẹn lọ. Body of Benchers, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin, ló ń pe èèyàn sí iṣẹ́ lọ́yà, ìwé orúkọ tó wà ní Supreme Court l'Ábújà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Kí orúkọ tó kúrò níbẹ̀, ìgbìmọ̀ Body of Benchers tó ń bá lọ́yà wí, tí wọ́n ń pè ní LPDC, ló sábà máa ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Wọ́n lè yọ ọ́ pátápátá, kí wọ́n dá a dúró fúngbà díẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn bá a wí. Òun náà sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Gani Fawehinmi, gbajúmọ̀ lọ́yà ajàfẹ́tọ̀ọ́ nì pàápàá, lọ́dún 1985, Supreme Court ní ìgbìmọ̀ náà kò lè gbẹ́jọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó jókòó nínú rẹ̀ nígbà náà, torí ojúsàájú lè wọ̀ ọ́. Ṣé irú ẹjọ́ yẹn lẹnì kan fẹ́ parí lọ́sẹ̀ kan?

Pé lọ́yà pàdánù ẹjọ́ yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ kó fi owó oníbàárà sápò ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. LPDC tún láṣẹ láti ní kó dá owó náà padà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ sì lè gba kóòtù lọ lọ́tọ̀ fún owó yín.

Mi ò tíì rí ìwé yín o, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà mìíràn bá yín wò wọ́n. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ owó náà ní báǹkì, kí ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ WhatsApp kankan rẹ́, títí kan èyí tí ẹ fi bú u.