Kí ló dé tí páìpù fi ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a jó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Páìpù onígun mẹ́rin, 50 × 50, tó nípọn mìlímítà 2, ni mo fi ṣe férémù tírélà kékeré tí mọ́tò ń fà. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tó fi sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo jó. Mo tún un jó, ó tún sán níbẹ̀. Ṣé kí n ra irin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má náwó sí i. Ẹrù kọ́ ló wúwo ju agbára irin yín lọ; irin náà ló rẹ̀. Ẹrù tó lè gbé láìmira lẹ́ẹ̀kan ló ń gbé sókè-sódò lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lára irin tí a kò jó, ó máa ń pẹ́ kí ìsán tó ríbi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni irin líle ti ń wúlò. Ní ẹsẹ̀ ojú ìjórin, ìyẹn etí rẹ̀ níbi tó ti pàdé irin tí a kò jó, ìsán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀ kí ẹrù tó dé: kòtò tíntìntín tí ìdàrọ́ há sí, àti ìfà tí irin gbígbóná fi sílẹ̀ sínú ara rẹ̀ nígbà tó ń tutù. Ìdí nìyí tí Eurocode 3, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún iṣẹ́ irin, fi ka ojú ìjórin kan náà sí bákan náà, ìbáà jẹ́ irin S235 tàbí S460 tó le jù ú lọ.

Bí ìfà tí ẹrù ń fà á ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pinnu bí ojú náà á ṣe pẹ́ tó. Bí ẹ bá dín in kù sí ìdajì, ọjọ́ ayé ojú náà á di nǹkan bí ìlọ́po 8.

Irin fẹ́lẹ́ kì í sì í forí ji àṣìṣe. Bí pẹlẹbẹ irin méjì tí ẹ kàn lójúkojú bá fi mìlímítà 1 yẹ̀ síra, ìfà lára irin mìlímítà 12 á di ìlọ́po 1.25. Lára mìlímítà 3, ìlọ́po 2 ni, ọjọ́ ayé rẹ̀ á sì já sí ìdá kan nínú 8. Bí iná bá jẹ ẹ̀gbẹ́ ojú náà ní ìdajì mìlímítà, ìdá kan nínú mẹ́rin ògiri páìpù yín ti lọ nìyẹn. Ẹ má ṣe fi gíráíńdà lọ ẹsẹ̀ ojú náà kó lè dán. Irin tó nípọn nìyẹn wà fún.

Èyí tó sán tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá jó o lé e lórí, inú ló fara pa mọ́ sí. Ẹ ha ọ̀dà kúrò, kí ẹ fín oògùn pupa tí wọ́n fi ń wá ìsán sí i, torí ó sábà máa ń gùn ju ohun tí ojú rí lọ. Ẹ lu ihò mìlímítà 4 sí ìparí rẹ̀ méjèèjì, ẹ lọ̀ ọ́ kúrò tán, kí ẹ tó fi ẹlẹ́kítíródù mìlímítà 2 jó o, ní áńpíà 40 sí 60. Àárín ojú pẹrẹsẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì parí sí. Ẹ gba igun kọjá láìdúró.

Bí ẹ bá fẹ́ fi irin tì í lẹ́yìn, ẹ má jó o ní ìbú sí orí tàbí ìsàlẹ̀ páìpù, níbi tí ìfà ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́, ní agbedeméjì gíga rẹ̀, ni kí ẹ gbé e sí.

Bó bá tún sán, páìpù náà ló kéré. 50 × 50 tó nípọn mìlímítà 3 á dín ìfà kù débi tí ọjọ́ ayé rẹ̀ á fi tó ìlọ́po 2.8.