Iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lè lé ẹ níṣẹ́ yẹn, kì í ṣe gírámà

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní o máa tó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Òṣogbo, pé wọ́n ti fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ kó o máa jókòó sílé kó o máa gbé fóònù àwọn ará Amẹ́ríkà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn bá dẹnu kọlẹ̀, o wá ń béèrè pé nínú láàpútọ́ọ̀pù tuntun àti ínfátà, èwo ni kó o kọ́kọ́ rà, àti pé ṣé MiFi kan ṣoṣo, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi síìmù pín íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, á gbé e. Tí láàpútọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ ẹ bá ti ní RAM 8GB, máa lò ó lọ, iná ni kó o kọ́kọ́ wá. Ọ̀rọ̀ MiFi, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ò le. Kó o ní kí àwọn kọ́sítọ́mà pa router, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nílé wọn, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n wo iná ara ẹ̀, kí wọ́n yọ wáyà kí wọ́n dá a padà, gbogbo ẹ̀ ni iléeṣẹ́ tó gbà ẹ́ máa kọ́ ẹ. Ohun kan péré ni mo máa fi kún un: má jẹ́ kí kọ́sítọ́mà ki abẹ́rẹ́ bọ ihò reset kékeré ẹ̀yìn router yẹn tó ò bá tíì bi í bóyá username àti password tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún un wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí gbogbo ohun tí wọ́n ti tò síbẹ̀ ló máa pa rẹ́.

Iná ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Ìbàdàn ni mo wà, ìyá àgbà kan ní Texas ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Màmá yẹn ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo fi bá a ṣe é títí tó fi kúnlẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, wáyà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń bi mí pé ṣé inú ihò aláwọ̀ yẹ́lò yìí ni òun máa kì í bọ̀ àbí ti búlúù, ibẹ̀ ni tiransifọ́mà àdúgbò wa ti dún gbàù, gbogbo ibi ṣú, router tèmi náà kú, ìpè já. Tó bá tún pè, ẹlòmíì ló máa gbé e, á tún máa ka orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì látìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tó ti fi orúnkún dúró nílẹ̀ látàárọ̀. Máàkì burúkú ló fún mi nínú survey tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn, mi ò sì bínú sí i.

Àwọn tí mò ń bínú sí ni àwọn oníná. Tiransifọ́mà yẹn ò padà bọ̀rọ̀, súpáfáísọ̀ wa sì ní kí wọ́n má bàa yọ owó àkókò tí mi ò fi ṣiṣẹ́ nínú owó oṣù mi, kí n gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná pé lóòótọ́ ni kò síná. Lẹ́tà lásán o, ìlà méjì. Mo dé ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin tó wà níwájú ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun, kí n gòkè. Bọ̀ọ̀dá tó wà lókè ń jẹun, ó ní kí n jókòó, ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó gba nọ́ńbà mítà mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní kọ̀ǹpútà àwọn ò ṣiṣẹ́, kí n padà wá. Mo padà. Wọ́n ní mánijà nìkan ló lè buwọ́ lù ú, mánijà sì wà ní mítìn. Mo tún padà, wọ́n ní mánijà ti rìnrìn àjò, kí n kọ lẹ́tà sí i, èmi tí mo wá gba lẹ́tà! Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó ní tí mo bá lè ṣe wọ́n lóore, òun á bá mi tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mi ò fún un ní kọ́bọ̀. Lẹ́tà ò jáde, wọ́n yọ owó mi, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Àwọn yìí kan náà ló tún wá sọ fún àwọn lándíọ́ọ̀dù pé ká dáwó ra tiransifọ́mà. Tí wọ́n bá sọ irú ẹ̀ ládùúgbò ẹ, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ti sọ ọ́ pé ojúṣe iléeṣẹ́ iná ni, kì í ṣe ti oníbàárà, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rà á náà, ẹ kọ́kọ́ bá wọn tọwọ́ bọ̀wé bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà. Ẹ má gbọ́ ti ẹnu lásán.

Ẹnì kan á sọ fún ẹ pé gba ilé sí ibi tí wọ́n ti ń lo Band A. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí nígbà tí wọ́n gbé owó ẹ̀ lọ sí náírà 225 fún yúnìtì kan ní April 2024, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ìgbà tí wákàtí 4 tí kò ní sí máa bọ́ sí. Tí mẹ́rin yẹn bá bọ́ sí àárín ṣíìfù ẹ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o kọ́kọ́ ra ínfátà. Láàpútọ́ọ̀pù, router, gílóòbù kan àti fáànù kékeré, gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bíi watt 130 lọ. Bátìrì 12V, 220Ah kan, tó ò bá jẹ́ kó lọ kọjá ìdajì, á gbé ìyẹn fún bíi wákàtí 8, ṣíìfù kan nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹlẹ́tíríṣánnì ta èyí tó lè gbé fíríìjì fún ẹ, èrè tiẹ̀ ló ń wá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ò dáa fún iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń gbọ́ ìpè láti fún wa ní máàkì máa ń gbọ́ ariwo ẹ̀. Tó bá sì di pé o fẹ́ lò ó, jọ̀ọ́, gbé e jìnnà sí fèrèsé, má gbé e sí kọ́rídọ̀, gáàsì tó ń pani nínú èéfín ẹ̀ (carbon monoxide) ò lóòórùn, ojú oorun ló ti ń pa odindi ìdílé.

Tún béèrè pé apá ibo ní Amẹ́ríkà lo máa dá lóhùn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní New York, aago mẹ́ta ọ̀sán sí mọ́kànlá alẹ́ lọ́dọ̀ wa ni lásìkò òtútù wọn. California ńkọ́? Mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí méjì òru. Ní March wọ́n máa ń yí aago wọn, tiwa ò kì í yí, gbogbo ẹ̀ á máa fi wákàtí kan ṣáájú èyí tí mo kà yìí (ti New York á di aago méjì ọ̀sán sí mẹ́wàá alẹ́) títí di November.

MiFi nìkan kọ́ o. Ìpè kan ò lò ju nǹkan bíi 100 kbps lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá Mbps kan, nítorí náà má jẹ́ kí àwọn tó ń ta dátà máa fi Mbps, bí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ṣe yára tó, tàn ẹ́ jẹ. Ohùn tó ń pẹ́ kó tó dé, tó ń já wẹ́wẹ́, ni ọ̀tá ẹ. Fi wáyà so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ router, má lo WiFi, kó o ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíì nílẹ̀. Síbẹ̀ náà, ní March 14, 2024 tí wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, síìmù méjì ò ran ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́, torí ọ̀nà abẹ́ òkun kan náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì púpọ̀ ń gbà. Mo pe kọ́sítọ́mà kíà wọn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní kí n pa fóònù mi kí n tún un tàn.

Ẹni tó bá ní kó o sanwó tréníìn kó o tó bẹ̀rẹ̀, olè ni. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó o máa pe àwọn èèyàn, kó o sọ fún wọn pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n lọ ra gift card, sá, yahoo nìyẹn, orúkọ ẹ ló máa wà níwájú nígbà tí EFCC bá dé.

Wo ìwé àdéhùn tí wọ́n fún ẹ dáadáa kó o tó buwọ́ lù ú, ibi tí wọ́n ti kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sówó ẹ bí iná bá lọ. Tí kò bá sí níbẹ̀, kọ ọ́ sí wọn lórí ímeèlì kí wọ́n dá ẹ lóhùn lórí ímeèlì, má gbà kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ lórí fóònù.