Báńdì ilé ìwé: ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ kú ìbéèrè, Tíṣà. Ẹ ní ilé ìwé girama yín fẹ́ dá báńdì sílẹ̀ kí inter-house sports táàmù kejì tó dé, pé owó tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ kó jọ kò tó nǹkan, ọ̀gá àgbà sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ sórí trumpet. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ ọmọ ni báńdì ilé ìwé wà fún, ìlù ló sì ń gbé ẹsẹ̀. Bí ìlù bá wà tí kò sí fèrè, àwọn ọmọ á yan, á sì gún. Bí fèrè bá wà tí kò sí ìlù, ariwo ni.

Báàsì (ìlù ńlá) kan, side drum (ìlù kékeré tó ní wáyà lábẹ́) mẹ́rin, tenor drum (èyí tó tóbi jù ú lọ, tí kò ní wáyà) méjì àti símbáàlì (àwo irin méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra) kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ra báàsì oní-íǹṣì 26 torí pé ó tóbi lójú. Ọmọ JS2 tó bá gbé e kọ́rùn kò ní rí ibi tó ń lọ. Íǹṣì 20 tàbí 22 ni tiwọn. Ẹ fi awọ méjì àti ọ̀pá ìlù méjìlá kún un, nítorí ọ̀pá máa ń kán, ó sì máa ń sọnù ju bó ṣe ń kán lọ.

Bí ẹ bá ń so awọ tuntun, bí wọ́n ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò ni kí ẹ ṣe é: ẹ yí ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ kọjá sí èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì. Bí ẹ bá ń de é yípo ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, awọ á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlù náà kò sì ní mú ohùn kan jáde mọ́. Awọ side drum a máa le, ti báàsì a máa dẹ̀. Awọ ìsàlẹ̀ side drum, níbi tí wáyà tín-ín-rín wà, fẹ́lẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń gbé lé iyanrìn, tàbí kí wọ́n ki ọ̀pá ìlù bọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó wọn pamọ́, ibẹ̀ ló sì máa ń ya. Kí wọ́n dẹ wáyà yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò, kí wọ́n má sì gbé ìlù kankan sínú oòrùn.

Ó wá ku fèrè. Trumpet mẹ́ta tó dáa sàn ju mẹ́wàá tí bọ́tìnì rẹ̀ (èyí tí ìka ń tẹ̀) ń gan lọ, àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú sì ni wọ́n sábà máa ń gan. Mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ fún ìdí yìí, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fa ọ̀pá kékeré tó wà lára bọ́tìnì kìíní síta láì tẹ bọ́tìnì náà, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún pọ́, atẹ́gùn kò jò. Bí kò bá dún rárá, ẹ gbé e padà fún wọn. Bugle, fèrè tó jọ trumpet, kò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní bọ́tìnì. Ohùn márùn-ún péré ló ṣeé lò lórí rẹ̀, do, so, do, mi, so, kò sì lè kọ orin ilé ìwé yín.

Òróró bọ́tìnì gan-an ni kí ẹ rà. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ki jù, òróró ẹ̀pà sì máa ń di àtè. Vaseline dáa fún ọ̀pá tí wọ́n ń fà, kò dáa fún bọ́tìnì. Bí wọ́n bá tú bọ́tìnì fọ̀, kí oníkálùkù padà sí ihò tirẹ̀: nọ́ḿbà 1, 2, 3 wà lára wọn. Tí ọmọ kan bá sáré wá sọ pé fèrè òun ti dí, tí atẹ́gùn kò kọjá mọ́, nọ́ḿbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹnu fèrè (ibi tí wọ́n ń fẹnu sí, tó ṣeé yọ) bá há, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi píláyà kàn án. Ọ̀pá ibẹ̀ ló máa lọ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu fèrè tirẹ̀, kí ó máa fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́. Àrùn ètè àti ikọ́ kì í ṣe nǹkan àpínlò.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹnu fèrè nìkan ni kí wọ́n máa fọn, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sinmi márùn-ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wú. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ètè, torí ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ síbẹ̀ mọ́, ètè á kú, ohùn á sì máa já. Nígbà tí wọ́n bá wá gba trumpet, bí bọ́tìnì ṣe lọ nìyí: do, má tẹ nǹkan kan, re, 1 àti 3, mi, 1 àti 2, fa, 1, so, má tẹ nǹkan kan, la, 1 àti 2, ti, 2, do òkè, má tẹ nǹkan kan. Ẹ rí i pé do àti so kò yàtọ̀ lọ́wọ́, mi àti la náà bẹ́ẹ̀. Ètè ló ń yà wọ́n. Ọmọ tó bá gbójú lé ìka nìkan á máa fọn so níbi tí do wà, á sì máa búra pé òun tẹ ohun tó yẹ.

JS1, JS2 àti SS1 ni kí ẹ ti ṣa àwọn ọmọ. Ẹ má kó SS3 wọlé. WAEC á gbà wọ́n lọ́wọ́ yín, báńdì á sì tú. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò kọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Boys' Brigade ṣọ́ọ̀ṣì tó súnmọ́ yín. Láti 1908 ni wọ́n ti wà l'Ékòó, iṣẹ́ yìí sì mọ́ wọn lára.

Ọjọ́ eré gan-an ni ọ̀pọ̀ báńdì máa ń dójú tini, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe pé wọn kò mọ orin. Ìgbésẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan ni ìyan tó wọ́pọ̀, ìyẹn ni pé ìgbésẹ̀ kan ń gba ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ohùn sì ń rìn tó mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó bá jìnnà sí ìlù tó mítà 170 á máa gbọ́ ẹsẹ̀ òsì nígbà tí ọ̀tún kàn. Kì í ṣe olóríkunkun, ohun tó gbọ́ ló ń ṣe. Ní pápá tí ojú eré rẹ̀ jẹ́ mítà 400, ìkángun kan sí ìkejì ju mítà 150 lọ, nítorí náà ẹ má to báńdì sí ìkángun. Àárín pápá gan-an ni kí wọ́n dúró, kí wọ́n kọjú sí àwọn àlejò. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ilé tó ń yan kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú. Bí gbohùngbohùn (spíkà) bá wà ní igun pápá, ẹ má gbé máìkì síwájú báàsì. Ìlù méjì ni àwọn ọmọ á máa gbọ́.

Báàsì ló gbọdọ̀ máa bọ́ sí ẹsẹ̀ òsì. Bí orin bá fẹ́ tán, kí ó lu méjì papọ̀ kíákíá, kí gbogbo wọn mọ̀ pé ó tó. Bí ẹ bá ní ọmọ tó mọ gángan, ẹ fi í sí àárín àwọn tó ń pariwo fún ilé wọn, kó máa ki ilé náà. Ẹ má fi í sínú báńdì. Gángan dùn ju báàsì lọ, ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé orin tí ẹ bá yá lọ́wọ́ báńdì mìíràn. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2024 ni orin orílẹ̀-èdè ti padà sí èyí tí wọ́n ń kọ láti 1960 sí 1978, ìwé àtijọ́ sì lè jẹ́ ti èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Do lórí trumpet, B♭ ló jẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Nítorí náà, bí ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bá fẹ́ bá wọn kọ ọ́, kí ó fi B♭ ṣe do tirẹ̀, kí ó gbàgbé C.